Yírùnyírùn: Àrùn Ìgbà Ọyẹ́ àti Àwọn Tí Wọ́n Wádìí Rẹ̀

  Bí ọyẹ́ bá ti dé, kò sí ẹni tí a ń sọ fún ní Alímọ̀ṣọ́. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò, kùrukùru a bo ilé ní òwúrọ̀, ètè a là, ẹsẹ̀ a funfun, eruku a sì bo aṣọ tí a sá sórí okùn. Àwọn ìyá àgbà a ní kí ọmọdé fi òrí para. Eruku yẹn kì í ṣe ti òpópónà wa nìkan. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ó gba orí ilẹ̀ òkè-ọya kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Níhìn-ín, ọyẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó lọ. Ní òkè-ọya, ẹ̀ẹ̀rùn a máa jókòó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, àrùn kan a sì máa bá a rìn. Àwọn Hausa ń pè é ní sankarau. Àwa Yorùbá ń pè é ní yírùnyírùn. Ìtàn àrùn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, àti ìtàn bí wọ́n ṣe wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi mọ ohun tí ó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún 2010, ọmọkùnrin kan wọ kíláàsì mi. Àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ìkòtún láti Kàtsínà ni, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò. Bí mo bá bi ọmọ náà ní ìbéèrè, ẹnu mi ni yóò máa wò. Bí mo bá kọjú sí pátákó tí mo ń sọ̀rọ̀, kò ní kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Mo pè é ní olóríkunkun níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì ní kí ó lọ dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Orí ọmọ yìí kò kunkun. Yírùnyírùn ni ó ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́.”

Ojú tì mí gidigidi. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé àrùn lè wá, kí ó sì lọ, kí ó mú etí ọmọ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí.

Ọpọlọ wa, àti okùn rẹ̀ tí ó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bò wọ́n. Omi tí ó mọ́ gaara wà láàárín awọ náà. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ibẹ̀, awọ náà a wú, omi náà a sì di rúdurùdu. Ara ẹni náà a gbóná, orí a máa fọ́ ọ bí ẹni pé yóò là sí méjì, ọrùn a le tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n kò ní lè kan àyà, ìmọ́lẹ̀ a sì máa dun ojú rẹ̀. Kòkòrò tí ó lè fa irú àìsàn yìí ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ó máa ń fa àjàkálẹ̀ ńlá ní ilẹ̀ Áfíríkà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní meningococcus, òun ni a ó sì máa bá wí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1805, àìsàn náà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Geneva, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Dókítà kan, Gaspard Vieusseux, ni ó kọ bí ó ti rí sílẹ̀. Ó rí i pé ó ń pa ènìyàn kíákíá, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó ń fà á. Ọdún 82 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1887, Anton Weichselbaum, dókítà kan ní ìlú Vienna, gba omi tí ó wà lórí ọpọlọ àwọn tí àrùn náà pa, ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Kòkòrò wà níbẹ̀, méjì méjì, tí wọ́n kọjú síra wọn bí awẹ́ obì méjì tí a kò tíì là. Ní ọdún 1891, Heinrich Quincke, dókítà kan ní Jámánì, fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ti lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣì wà láàyè. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù títí di òní. Wọ́n rò pé òun ni ó ń sọ ọmọ di arọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí okùn ọpọlọ ti parí, ni wọ́n ti ń gún un. Òun ni ó sì ń sọ fún dókítà irú kòkòrò tí ó ń bá jà.

Ohun ìyanu kan wà nípa kòkòrò yìí. Inú ọ̀fun àti ẹ̀yìn imú ènìyàn ni ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le koko ni ó ń gbé e káàkiri láìmọ̀, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nípa ikọ́, nípa sísín, nípa ìfẹnukonu, àti nípa sísùn pọ̀ nínú yàrá tí kò gba afẹ́fẹ́, ni ó fi ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá wọ̀ sí lára, díẹ̀ ni ó máa ń já wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn díẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wa.

Ní ọdún 1905, àjàkálẹ̀ yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ ní Zungeru, tí ó jẹ́ olú-ìlú ìjọba òyìnbó ní òkè-ọya nígbà náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó jà ní apá àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Láti ìgbà náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1949 sí 1950, ó jà ní òkè-ọya Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó mú lé ní 90,000. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ná. Iye ènìyàn tí ó lè kún odidi ìlú kan ni.

Dókítà ológun ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Léon Lapeyssonnie, ni ó jókòó ka iye àwọn aláìsàn wọ̀nyí, tí ó sì ya ibi tí wọ́n wà sórí máàpù. Ní ọdún 1963 ó fi han gbogbo ayé pé àrùn náà ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ó dà bí ìgbànú tí a fi gba ilẹ̀ Áfíríkà láàárín, láti Senegal ní ìwọ̀-oòrùn dé Ethiopia ní ìlà-oòrùn. Níbi tí òjò kò ti pọ̀ jù, tí kò sì ṣọ̀wọ́n jù, ni ó ti ń jà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó ń le sí i bí ooru ti ń le, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, a rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku a máa dá ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ sí ọ̀fun, kòkòrò a sì rí ọ̀nà wọlé. Òtútù òru a sì mú kí àwọn ènìyàn há ara wọn mọ́ yàrá. Òkè-ọya Nàìjíríà wà nínú ìgbànú náà. Ìlú Èkó kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ wa tutù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi mọ àrùn náà, àìmọ̀ yìí sì léwu, bí ẹ ó ti rí i láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí nìkan ni yírùnyírùn ń bá jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò náà a kọ́kọ́ pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, a sì pa ènìyàn kí ọrùn tó le rárá. Èyí ni ó burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tí ó ń gbà wá. Ó lè mú ọmọ tí ó jẹun àárọ̀ dáadáa, kí ọmọ náà má rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Báwo ni kòkòrò tí ojú kò lè rí ṣe ń ṣe irú èyí? Ẹ ro ti ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò wa. Bí olè kan bá wọlé, ọdẹ a fọn fèrè, a mú olè, ilẹ̀ a sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún olè bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àwọn ọdẹ sì dàrú, tí wọ́n ń yìnbọn kiri, tí wọ́n ń dí gbogbo ojú ọ̀nà pa, àdúgbò náà ni yóò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ara. Kòkòrò yìí ń tú májèlé kan sílẹ̀ láti ara èèpo rẹ̀. Bí májèlé náà bá ti pọ̀, àwọn ọmọ-ogun ara a gbéra lọ́nà òdì. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké a bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bí rọ́bà omi tí ó ti gbó. Ẹ̀jẹ̀ a dì nínú iṣan tí kò yẹ kí ó ti dì, a sì máa ṣẹ́ jáde sábẹ́ awọ níbi tí kò yẹ kí ó ti ṣẹ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a tutù nígbà tí àyà ṣì ń gbóná. Agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri a lọ sílẹ̀.

Ní ọdún 1911, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń jẹ́ Waterhouse, àti ní ọdún 1918, òmíràn ní Denmark tí ó ń jẹ́ Friderichsen, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n kú lọ́nà yìí. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti ya bo ohun kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín bí fìlà, tí ó jẹ́ pé láti ara wọn ni ara ti ń rí okun tí ó fi ń dúró nígbà ìpọ́njú. Ní àwọn ọdún 1980, Petter Brandtzaeg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oslo, ní ilẹ̀ Norway, wọn májèlé náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Wọ́n rí i pé bí májèlé bá ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn ṣe ń le tó. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé wákàtí ni ẹ̀mí. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí a fi jókòó, kòkòrò ń bí sí i, májèlé ń ga sí i.

Ẹni tí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ikú lè má bọ́ lọ́wọ́ àpá. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì, ẹran ara a kú. Àwọn kan a pàdánù ìka, àwọn kan a pàdánù ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a di adití bí ọmọ kíláàsì mi, gìrì a máa mú àwọn mìíràn, ìwé a sì nira fún àwọn mìíràn láti kọ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn márùn-ún tí irú àrùn awọ ọpọlọ tí kòkòrò ń fà bá ṣe tí wọ́n sì yè, ẹnì kan ni yóò ní àpá tí yóò pẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìwòsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, Simon Flexner ní Amẹ́ríkà àti Georg Jochmann ní Jámánì ń fi omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí wọ́n ti kọ́ láti bá kòkòrò náà jà wo àwọn aláìsàn. Ó dín ikú kù, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, oògùn súlfà dé. Inú gbogbo ayé dùn, nítorí pé ẹni tí à bá sin a máa dìde jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kì í sùn. Ní ọdún 1963, ní àgọ́ àwọn ọmọ-ogun kan ní California, àrùn náà jà, súlfà kò sì ràn án mọ́. Kòkòrò ti mọ ọgbọ́n oògùn náà. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún gbogbo àwa tí a ń ra oògùn méjì méjì ní kẹ́mísìtì, tí a ń lò ó ní àìpé. Oògùn tí a bá ń lò ní ìlòkulò, kòkòrò a máa mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ní àkókò náà ni ìtàn wa dé Sáríà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eldryd Parry wà níbẹ̀, Hilton Whittle wà níbẹ̀, Brian Greenwood náà wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn wa níhìn-ín. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1973, ẹ ó rí orúkọ Abdullahi, ẹ ó sì rí orúkọ Fakunle láàárín orúkọ àwọn òyìnbó.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n ń wo àwọn aláìsàn tí ó lé ní 700, wọ́n sì ṣàkíyèsí ohun àjèjì kan. Aláìsàn a gba oògùn, ibà a rọlẹ̀, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Nígbà tí ó bá tó bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹsàn-án, orúnkún tàbí ìgúnpá a ṣàdédé wú. Awọ ara àwọn mìíràn a lé roro, a sì di egbò. Ojú àwọn mìíràn a pọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ ẹbí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ ó rò? Ẹ ó ní àrùn ti padà dé, tàbí pé ayé ni ó tún dà á lé e. Àwọn dókítà mìíràn pẹ̀lú lè rò pé kòkòrò ti wọ inú oríkèé.

Àwọn ará Sáríà kò méfò. Wọ́n fa omi inú orúnkún tí ó wú, wọ́n wá kòkòrò inú rẹ̀, wọn kò rí èyí tí ó wà láàyè. Ohun tí wọ́n rí ni àfọ́kù kòkòrò tí ó ti kú, àti àwọn ohun ìjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i nínú egbò ara. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n pàǹtí ojú ogun kó jọ sí oríkèé, ó sì ń mú un wú. Nítorí náà, àrùn kọ́ ni ó padà. Ara fúnra rẹ̀ ni, níbi tí ó ti ń tún ilé ṣe. Pẹ̀lú ìtọ́jú, púpọ̀ nínú irú wíwú bẹ́ẹ̀ a máa lọ láìfi àpá sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo ohun tí à ń pè ní ìwádìí. Ẹni tí ó ń ṣe é kò ní sọ pé òun mọ̀ kí ó tó wò. Àwọn aláìsàn tí wọ́n na orúnkún wọn kí a lè fa omi inú rẹ̀, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni wọ́n kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ̀yìn èyí ni mo fi gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó korò nínú ìtàn náà, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ìdajì ìtàn ti purọ́. Ní ọdún 1996, yírùnyírùn jà ní Nàìjíríà bí kò ṣe jà rí. Àwọn tí ó mú lé ní 100,000, àwọn tí ó pa lé ní 11,000. Ní Kánò, ọsibítù àwọn alárùn tí ń ràn kún àkúnya. Ní àárín ìpọ́njú náà, ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ bí 200 ni. Wọ́n fún ìdajì ní oògùn tuntun náà, trovafloxacin, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ceftriaxone tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, márùn-ún nínú àwọn tí ó lo oògùn tuntun, mẹ́fà nínú àwọn tí ó lo èkejì. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe àìdáa, pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí, títí di ọdún 2009 tí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fi parí rẹ̀ pẹ̀lú owó 75 mílíọ̀nù dọ́là.

Owó náà kò ra ìgbẹ́kẹ̀lé padà. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè-ọya kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ Kánò wà lára ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn. Àwọn ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ìwádìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a ó wádìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ó sì gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá kí ẹ tẹ̀ka, ẹ bi í pé, “Kí ni èyí? Kí ni yóò ṣe fún ọmọ mi? Bí n kò bá gbà ńkọ́?” Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ẹ sì má ṣe nítorí ìwà ẹnì kan kọ gbogbo abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó kù kí n sọ. Ní ọdún 1969, Emil Gotschlich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe àjẹsára láti inú ṣúgà tí ó bo ara kòkòrò náà. Ó dára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn ikú ọdún 1996, àwọn olórí ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ní kí wọ́n wá èyí tí yóò pẹ́ lára, tí tálákà yóò sì lè rà. Ní ọdún 2001 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà ṣe é, owó ẹyọ kan kò tó 50 sẹ́ńtì owó Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Burkina Faso kọ́kọ́ fún gbogbo àwọn èwe rẹ̀. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 2011. Àwọn tí ó ti gbà á ní Áfíríkà lé ní 300 mílíọ̀nù, oríṣi kòkòrò tí wọ́n ń pè ní A, tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 1996, sì pòórá nínú ìgbànú náà.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò tíì lọ. Ní ọdún 2017, oríṣi C jà ní Zamfara, Ṣókótó, Kàtsínà àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn tí a fura sí pé ó mú lé ní 14,000, àwọn tí ó kú lé ní 1,100. Nítorí náà ni wọ́n tún ṣe àjẹsára mìíràn tí ó ń dènà oríṣi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ lò ó ní gbogbo ayé ni Nàìjíríà wa yìí.

Ẹ lè ní, “Tíṣà, kí ni èyí kan ará Alímọ̀ṣọ́, nígbà tí ẹ ní ìgbànú náà kò dé ọ̀dọ̀ wa?” Ó kàn wá, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àlùbọ́sà àti ẹ̀wà tí à ń rà ní ọjà Ìkòtún, láti òkè-ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, àwọn ènìyàn sì ń bá ọkọ̀ wọn wá. Àwọn ọmọ wa ń lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn ní òkè-ọya. Àwọn ènìyàn wa ń lọ sí Mẹ́kà. Ní ọdún 1987, àrùn yìí jà láàárín àwọn tí wọ́n lọ ṣe Háàjì, wọ́n sì gbé e padà sí ilé. Ìdí nìyí tí ìjọba Saudi Arabia fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí àjẹsára yírùnyírùn lọ́wọ́ gbogbo àlejò Háàjì. Ẹ má ṣe ra ìwé náà láìgba abẹ́rẹ́. Ara yín ni ẹ ń tàn, kì í ṣe ìjọba.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé ní ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ara gbígbóná, ibà ẹ̀fọn ni à ń pè é. A ó se àgbo, a ó ra oògùn ibà, a ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ara bá gbóná tí ọrùn sì le, tí orí ń fọ́ni kọjá àlà, tí aláìsàn ń bì, tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tí ó ń sọ̀sọkúsọ, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró. Ọrùn ọmọ ọwọ́ lè má le. Ẹ wo àwújẹ́ rẹ̀ bóyá ó yọ sókè, ẹ wò ó bóyá ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tí kò fẹ́ jẹun. Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá tutù nígbà tí ara ń gbóná, tí àmì pupa tàbí àmì tí ó dúdú bí aró sì yọ sí ara, ẹ sáré. Lára àwa adúláwọ̀, irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ wo inú ẹnu àti inú ìpéǹpéjú. Ẹ fi ife gíláàsì tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá parẹ́ lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣẹ́ sábẹ́ awọ. Bí àmì kò bá sì yọ rárá, ẹ má torí ìyẹn jókòó. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgàndò, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ sọ fún dókítà bí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó yẹ kí àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá gba oògùn ìdènà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi parí. Bí ọmọ kan bá ń wo yín lẹ́nu tí kò dáhùn, ẹ má ṣe yára pè é ní olóríkunkun. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè àìsàn tí ó ti ṣe é rí. Mo bẹ ọmọ yẹn níwájú gbogbo kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí mo ti bú u níwájú gbogbo kíláàsì. Mo gbé e wá sí ìjókòó iwájú, mo sì kọ́ ara mi láti kọjú sí i bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọdún náà fi parí, ó ṣe ipò kẹrin.